Káàdì Lọ, Ọmọ Kò Lọ

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ káàdì abẹ́rẹ́ ọmọdé kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, ó wá. Bí mo bá wọ mọ́tò, ó wá. Kì í ṣe pé ẹnì kan kú, kì í ṣe pé wọ́n jí nǹkan. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan káàdì náà lọ́jọ́ yẹn ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun tẹ̀lé ìlànà, ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ nìkan ni kò rí nǹkan kan gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ilé ìwé jẹ́léósinmi kan n'Ìbàdàn. Bí sáà tuntun bá ń bọ̀, mo máa ń lọ bá a jókòó ti fọ́ọ̀mù, torí akọ̀wé kan ṣoṣo tó ní kò lè dá a ṣe. Lára ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí ni ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò pélébé méjì, àti ẹ̀dà káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ náà yóò ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì. Ó fa káàdì yọ nínú ọ̀rá dúdú tó fi wé e. Etí káàdì náà ti ká, òjò ti pa á rí, àmọ́ ó ṣeé kà. Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ti ọjọ́ ìbí, dúdú ni ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ìkẹrìnlá. Àpótí tí wọ́n kọ Measles sí, ìyẹn abẹ́rẹ́ èéyi tí ọmọ ń gbà lóṣù kẹsàn-án, ṣófo. Èkejì rẹ̀, ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ṣófo bákan náà.

## Orí bẹ́ńṣì

Ẹ̀gbọ́n mi yẹ káàdì wò, ó ní, "Mọ́mì, káàdì yìí ò tíì kún o. Ẹ lọ bá wọn parí ẹ̀ ní sẹ́ńtà ìlera, kẹ́ ẹ wá mú fọ́ọ̀mù yín wá." Ìyá náà bẹ̀ ẹ́ pé ọjà ń dúró de òun. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà, mi ò sì lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Bí àwọn alábẹ̀wò ìjọba bá dé, fáìlì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Ọmọ ti sùn lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá sọ ọ́, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun mójú tó o. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Kò pé wákàtí kan tó fi padà dé. Àpótí méjèèjì ti kún. Déètì àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù kẹsàn-án géérégé, èkejì bọ́ sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún géérégé. Ẹnì kan ló buwọ́ lù méjèèjì, bírò kan náà ni, kódà tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, ó yí díẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ṣì ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ẹ̀dà káàdì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù, ó kí ìyá náà kú wàhálà.

Mo wo apá òsì ọmọ náà. Àpá BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun, hàn ketekete níbẹ̀. Èyí nìkan ni nínú gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi bírò kọ. Abẹ́rẹ́ èéyi kì í fi àpá sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá bèèrè lọ́dún márùn-ún òní bóyá ọmọ yìí gba abẹ́rẹ́ èéyi, kò sí ibòmíràn tí wọ́n máa wò ju àpótí méjì wọ̀nyẹn lọ, àpótí náà á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì, lásìkò.

Ohun tó wá gbé mi lọ́kàn jù lọ ni pé nígbà tí káàdì yẹn ń sọ òtítọ́, ńṣe la dá a padà. Ìgbà tó purọ́ la gbà á wọlé. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé ìwé ló gba epo sílẹ̀, ilé ìwé náà ló sì rán ènìyàn lọ sájà.

## Ìgò tí wọn kò fẹ́ ṣí

Nígbà tí ìyá náà ń pọn ọmọ rẹ̀ padà, mo rọra bi í pé ṣé wọn ò ní kó gbé ọmọ wá ni. Kò fi pamọ́ fún mi. "Àǹtí, wọ́n ní òní kọ́ lọjọ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ torí ilé ìwé ni, àwọn á bá mi kọ ọ́, kí n gbé e wá tó bá dọjọ́ ẹ̀." Mo wá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ bá a jà. "Mo gbé e lọ o! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e lọ. Wọ́n ní àwa tá a wá ò pọ̀ tó, pé àwọn ò lè torí ọmọ mẹ́ta ṣí ìgò."

Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á ní ọ̀lẹ ni nọ́ọ̀sì. Ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ èéyi nínú ìgò. Omi kan wà tí wọ́n máa ń pò ó mọ́ kí wọ́n tó fà á sínú abẹ́rẹ́. Ìgò kan ń tó ọmọ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní láyé, ohun tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. BCG tún le ju ìyẹn lọ, torí ogún ọmọ ni ìgò tirẹ̀ ń tó. Penta, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún pọ̀, tí wọ́n ń gún ọmọ lọ́sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, kò rí bẹ́ẹ̀. Olómi ni. Bí òtútù rẹ̀ bá pé, wọ́n lè máa fa ìgò tí wọ́n ti ṣí lò fún ọjọ́ 28. Ẹ wá padà wo káàdì tí mo ń sọ: ti Penta kún, ti èéyi ṣófo. Àṣé ìyá kọ́ ni káàdì yẹn ń rojọ́ rẹ̀. Ìgò ló ń rojọ́.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n ṣí ìgò bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ló wá, nítorí ọmọ tí wọ́n bá dá padà sílé lè má padà wá mọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ìgò ló máa kọ iye tó ṣòfò sínú ìròyìn oṣù, òun ni ọ̀gá sì máa bi pé báwo ló ṣe jẹ́. Ìyá tó fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀, tó san owó ọ̀kadà ní àlọ àti àbọ̀, ní ìṣirò tirẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, tí kò padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má pè é ní aláìbìkítà níwájú mi.

Àpótí tó ṣófo lórí káàdì kì í ṣe ìdọ̀tí tó yẹ kí á nù kúrò. Ìròyìn ni. Ó ń sọ pé ọmọ kan wà ní àdúgbò báyìí tí èéyi lè mú. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ ní sẹ́ńtà kan, ó ń sọ pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ibẹ̀ kò bá ọjọ́ ọjà mu, tàbí pé ìgò ọlọ́mọ mẹ́wàá kò bá iye ọmọ ibẹ̀ mu, tàbí pé fíríìjì wọn ti kú. Ẹni tó bá fi bírò kún un ti pa ẹnu ọmọ náà mọ́, ó tún ti pa ẹnu fíríìjì mọ́.

## Bí irọ́ kékeré ṣe ń di ìṣirò ìjọba

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìlera alábọ́dé. Mo lọ bá a, mo ro ẹjọ́ fún un láì dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní ẹni tó bá kọ ọ́ sórí káàdì, ó di dandan kó kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àṣírí á tú. Láti inú rẹ́jísítà, ó bọ́ sínú àkópọ̀ oṣù. Àkópọ̀ oṣù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹnì kan níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, sórí ètò tí wọ́n ń pè ní DHIS2, ó sì di ohun tí Abuja ń rí. Kò sí ẹni tó máa rí bẹ́ńṣì mọ́ láti ibẹ̀.

Iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni. Láti ìgbà náà, ìfojúdíwọ̀n là ń lò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan fi máa ń ròyìn pé àwọn ti gún ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ẹ gbọ́ mi: ọmọ mélòó ló wá kù tí a ń wá kiri?

A ti rí ibi tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń já sí. Ní 2016 sí 2017, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó ń ti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bi ìyá, tí wọ́n ń ní kó mú káàdì wá. Ohun tó jáde ni pé ìdá 33 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló gba Penta kẹta. Ìròyìn tó ń ti sẹ́ńtà bọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ti ń kọ orin tó dùn ju ìyẹn lọ. Ojú ti ìjọba. Ní 2017, NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, kéde pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ọmọdé ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ìwádìí ilé dé ilé mìíràn ní 2018 rí i pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí méjì ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó ṣe kókó. Nígbà tí diphtheria, àrùn ọ̀fun kan tó ń ràn, tún ṣẹ́ yọ ní 2023, tó sì mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, Kano ló mú jù, àwọn ọmọ tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ tó ló pọ̀ jù nínú wọn. Inú Penta ni abẹ́rẹ́ diphtheria wà. Àrùn kì í ka rẹ́jísítà.

Ti èéyi wá burú nítorí pé ó ń ràn ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ. Àwọn onímọ̀ ní ó yẹ kí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àrùn náà má baà rí ibi kọjá sí. Kíláàsì kan tí ọmọ 20 wà, ọmọ kan ṣoṣo ni àyè gbà kó ṣẹ́ kù. Bí ilé ìwé bá ní ọmọ mẹ́rin tí wọ́n fi bírò gún, kò ní mọ̀, ìwé á máa sọ fún un pé gbogbo wọn pé.

Èyí tó dùn mí ni pé a ti fi ọ̀nà mìíràn ṣe é rí, ó sì ṣiṣẹ́. Lásìkò tí wọ́n ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò, inki ni wọ́n máa ń fi sí ọmọ níka. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn kan ń fi inki síka láì kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu, pàápàá níbi tí òbí bá ti ń kọ̀. Ńṣe ni wọ́n yan àwọn tí kò sí lára àwọn tó ń kán oògùn, pé kí wọ́n tọ ẹ̀yìn wọn wọ agboolé, kí wọ́n yan ilé díẹ̀, kí wọ́n yẹ ọmọ wò, kí wọ́n sì bi òbí. Àdúgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló para pọ̀ mú ìyẹn wá, ó dá mi lójú pé àyẹ̀wò tí ń tọ ẹ̀yìn yẹn wà lára wọn.

## Òfin mọ ilé ìyá ọmọ

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ni òfin sọ nípa abẹ́rẹ́ ọmọdé, bí wọ́n bá mọ nǹkan kan rárá, ti òbí ni wọ́n á mọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 13, pàṣẹ pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ẹni tí kò bá ṣe é, owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ. Bó bá tún ṣe é, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ. Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n torí rẹ̀ fa ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ ládùúgbò wa, n kò sì gbàdúrà pé kí n gbọ́. Àmọ́ ẹ̀mí òfin yẹn ló wà nínú fọ́ọ̀mù ilé ìwé: ìyá ni kí wọ́n dá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Òfin kejì wà tí kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, ní abala 25, ní kí ẹni tó ń darí ilé ìtọ́jú rí i pé wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa pa á mọ́. Abala 29 ní ẹni tó bá fi irọ́ kún àkọsílẹ̀ náà, tàbí tó yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, tàbí tó yí i padà, ti dá ọ̀ràn: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí owó ìtanràn 250,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ fi 250,000 wé 5,000. Àwọn tó kọ òfin mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wúwo jù.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń gba fọ́ọ̀mù, ìyá ni mo rí tí wọ́n dá padà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó kọ déètì méjì sórí káàdì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láì rí ọmọ, kò bẹ̀rù ohunkóhun, torí kò sí ẹni tó ń yẹ rẹ́jísítà wò bí kò ṣe láti rí i bóyá ó kún.

Àwọn kan á ní kí á kúkú mú nọ́ọ̀sì méjì mẹ́ta, kí àwọn yòókù kọ́gbọ́n. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá mú ẹni tó kọ irọ́ láì fọwọ́ kan ohun tó mú un kọ ọ́, ẹlòmíràn tó gbọ́n ju tirẹ̀ lọ ló máa jókòó sórí àga náà, òun á sì rántí láti pààrọ̀ bírò.

## Long Island àti Johannesburg

Kí á má rò pé àwa nìkan la ní irú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n fagi lé àyè tí òbí fi ń sọ pé ẹ̀sìn àwọn kò gba abẹ́rẹ́ lọ́dún 2019; ọmọ tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kò lè lọ sílé ìwé. Agbẹ̀bí kan ní Long Island wá ń fún àwọn ọmọ ní kóró oògùn wẹ́wẹ́ kan tí kì í ṣe àjẹsára rárá, ó sì ń kọ wọ́n sínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ bí ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500, abẹ́rẹ́ irọ́ tó kọ lé ní 12,000. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde ìtanràn 300,000 dọ́là fún un.

Owó yẹn ló gba ojú ìwé ìròyìn, àmọ́ ohun mìíràn tí wọ́n ṣe ló wọ̀ mí lọ́kàn. Wọ́n pa gbogbo àkọsílẹ̀ irọ́ náà rẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ gidi kí wọ́n tó padà sí kíláàsì. Wọ́n dá àpótí padà sí òfo. Òbí tibẹ̀ ni kò fẹ́ abẹ́rẹ́, tí ó wá ẹni tó máa bá a purọ́; òbí tiwa fẹ́ ẹ, ó gbé ọmọ lọ, a dá a padà, a wá fún un ní irọ́ dípò. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kó máa ká mi lára nígbà tí wọ́n bá ń fi òfin Amẹ́ríkà dẹ́rù ba ìyá n'Ìbàdàn.

Ti Johannesburg, ọ̀pọ̀ yín á rántí. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ní yẹ́lò káàdì ọwọ́ wọn, ìyẹn káàdì tó ń fi hàn pé arìnrìn-àjò ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kì í ṣe ojúlówó. Inú bí wa, àwa náà dá tiwọn padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì nígbẹ̀yìn. Ó yẹ kínú bí wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nígbà náà pé èèyàn lè ra yẹ́lò káàdì láì ká apá aṣọ sókè. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ti gbé káàdì tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò jáde. Bí ìwé àgbà arìnrìn-àjò bá lè di ohun tí ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò, mi ò rí ìdí tí ti ọmọ ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ wà lórí páálí nínú ọ̀rá dúdú.

Káàdì ọmọdé pàápàá ń rìnrìn-àjò. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kó ẹbí lọ sí Houston tàbí Maryland mọ̀ pé lára ohun tí ilé ìwé ibẹ̀ kọ́kọ́ máa bèèrè ni àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ní déètì. Bí àpótí kan bá ṣófo, dókítà á gún ọmọ náà, ó parí. Kò sí pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ tó pẹ́ kì í ba èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ jẹ́. Bí àpótí bá kún fún irọ́ ńkọ́? Wọ́n á gbà á gbọ́. Wọn ò ní gún un.

## Ìwé méjì bíi ti alájọ

Ẹ wo alájọ. Káàdì kan wà lọ́wọ́ ẹ, ìwé kan wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ìlà tó bá fà sórí káàdì ẹ ló ń fà sínú ìwé rẹ̀ lójú ẹ. Bí ó bá fa ìlà láì gba owó, àpò ara rẹ̀ ló ń jẹ gbèsè. Bí ó bá gba owó láì fa ìlà, ìwọ lo máa pariwo. Ẹni méjì ló ń ṣọ́ ìwé náà, ohun tí wọ́n sì fẹ́ yàtọ̀ síra. Nínú ọ̀rọ̀ káàdì abẹ́rẹ́, ohun kan náà ni ìyá, sẹ́ńtà àti ilé ìwé ń fẹ́, kí àpótí kún. Kò sí ẹni tí òfo ṣe láǹfààní.

Ibẹ̀ ni ìlànà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé gbọ́dọ̀ máa béèrè káàdì, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ó gba ọmọ tí káàdì rẹ̀ kò pé wọlé, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí sẹ́ńtà tó sún mọ́ ọn jù, kí sẹ́ńtà sì fún un ní ọjọ́. Bí ọmọ 10 bá wà lórí ìwé náà, ẹ ti rí ìgò kan ṣí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì lè kúkú wá bá wọn ní kíláàsì pẹ̀lú àpótí òtútù rẹ̀. Káàdì kan náà tó ń lé ọmọ sílé lónìí á wá máa kó ọmọ jọ fún ìgò.

Kí wọ́n so àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìbí, kí ọmọ ní nọ́ńbà kan láti ọjọ́ BCG. Ìwádìí UNICEF àti ìjọba ní 2021 fi hàn pé ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ní ìforúkọsílẹ̀ ìbí, nítorí náà a kò tíì débẹ̀. Títí a ó fi débẹ̀, rẹ́jísítà tó dúró dáadáa tó. Kí wọ́n sì fi òfin dè é pé déètì tí wọ́n gún ọmọ nìkan ni wọ́n lè kọ: abẹ́rẹ́ tó bá pẹ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó pẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má fi tẹ́ ìyá. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò, kí ó wà níwájú déètì. Ẹni tó bá kọ déètì ọdún tó kọjá kò ní lè fi nọ́ńbà ìgò òní sí i. Nǹkan kékeré ni, kò gba kọ̀ǹpútà.

Kí àwọn mìíràn sì máa tọ ẹ̀yìn wọn, bíi ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kí wọ́n mú rẹ́jísítà, kí wọ́n yan orúkọ díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lọ sílé, kí wọ́n bi ìyá pé ta ló gún ọmọ yìí, níbo, ọjọ́ wo. Níbi tí ẹnu ìyá àti ìwé kò bá ti ṣe ọ̀kan ni kí abala 29 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ka gbogbo èyí sí ọ̀rẹ́ mi òṣìṣẹ́ ìlera létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó dára, àmọ́ mo fo ohun kan. Ó ní lóṣù kan tí òun kọ iye ọmọ tí òun gún gan-an, tí ó kéré sí èyí tí wọ́n ní kí òun gún, kúẹ́rì ló dé. Òun kọ èsì pé òjò ba ọ̀nà jẹ́, àti pé fíríìjì ti kú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni kò wá wo fíríìjì. Lóṣù tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà òun pé, fíríìjì ṣì kú, kò sì sí kúẹ́rì. Mo bi í pé ta ló fọwọ́ sí kúẹ́rì náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá kan tí òun náà ní nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ bá.